Màṣíìnì Kò Sítáàtì: Ohun tí Ẹ Máa Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Gbé Sípánà

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn, bàbá àgbẹ̀ kan ti màṣíìnì rẹ̀ wá bá wa ní kùtùkùtù. Láti ẹ̀yìn ìlú ló ti ń tì í bọ̀, àpò gbágùúdá kan ṣì wà lórí kẹ́ríà. Bàbá ti kíìkì títí orúnkún fi ń dùn ún. Lójú ọ̀nà, ẹnì kan ti sọ fún un pé CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, ló jó. Ẹlòmíràn ní rárá, ríìngì, òrùka tó yí písítọ̀nù ká, ló ti jẹ. Ọ̀gá mi kò tilẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, bọ́tìnì pupa tó wà lápá ọ̀tún yẹn, ibo ló kọjú sí?" Ọmọ-ọmọ bàbá ló ti gun orí rẹ̀ ṣeré lálẹ́ àná, ó sì ti tẹ bọ́tìnì náà sí OFF. Bàbá dá a padà, ó kíìkì ẹ̀ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Bàbá wo ọ̀gá mi, ó wo màṣíìnì, ó ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n pàdé ẹni tó ní ríìngì ló jẹ yẹn lónìí."

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí. Ohun tó rọrùn jù ni a kọ́kọ́ ń wò, ohun tó ń náni lówó ló ń gbẹ̀yìn. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ dán wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì (tó ń ta iná nínú ẹ́ńjìnnì), kọ́ìlì (tó ń sọ iná di líle fún púlọ́ọ̀gì) àti kábúrétọ̀ (tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn) lọ́jọ́ kan náà, bí màṣíìnì bá tilẹ̀ sítáàtì, kò ní mọ èwo ló wò ó sàn.

Màṣíìnì tí mo ń sọ ni irú èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà àti àgbẹ̀ wa: sílíńdà kan, 100cc sí 150cc, kábúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì tó ń lo ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Boxer ti Bajaj wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ọmọ ìyá CG125, tí Honda gbé jáde ní 1976, tí àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà sì ti ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lóríṣiríṣi orúkọ. Ẹ́ńjìnnì báyìí kò béèrè ju nǹkan mẹ́rin lọ: epo, atẹ́gùn, iná tó ta lásìkò, àti agbára tí písítọ̀nù fi ń fún epo àti atẹ́gùn pọ̀ kí iná tó kàn án. Bí kò bá sítáàtì, ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí ni kò sí nílé.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ

"Kò sítáàtì" kì í ṣe àìsàn kan. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ sítátà tàbí kí ẹ kíìkì, kí ẹ sì tẹ́tí.

Bí ohunkóhun kò bá tàn, tí fèrè kò dún, ọ̀rọ̀ bátìrì, fíúsì tàbí síwíìsì kọ́kọ́rọ́ ni. Bí ó bá ń ṣe "tá-tá-tá" tí ẹ́ńjìnnì kò yí, bátìrì ti rẹ̀ tàbí orí rẹ̀ dẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dáadáa àmọ́ tí kò gbá, ẹ má dá bátìrì lẹ́bi mọ́; iná púlọ́ọ̀gì tàbí epo ni ẹ máa wá. Bí ó bá gbá, tó húkọ́, tó sì kú, epo ló ṣeé ṣe jù. Bí kíìkì kò bá sì lọ rárá, tó le bí òkúta, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má fi gbogbo ara gùn ún. Ẹ fò lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa odò nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín, tàbí ẹni tó gùn ún kẹ́yìn, ní ìbéèrè mẹ́ta. Ìgbà wo ló ṣiṣẹ́ kẹ́yìn? Kí ni wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn ìgbà náà: ṣé wọ́n fọ̀ ọ́ ni, ṣé ó ṣubú, ṣé òjò pa á, ṣé ẹnì kan so fèrè tuntun mọ́ ọn? Níbo ni wọ́n ti ra epo tó wà nínú rẹ̀? Nínú màṣíìnì mẹ́wàá tí mo bá tún ṣe, ìdáhùn ìbéèrè kejì ń fi ọ̀nà hàn mí nínú bíi mẹ́rin.

Ohun tí kò ná yín ní kọ́bọ̀

Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo èyí ń gbà. Kọ́kọ́rọ́ ti yí dé ON. Bọ́tìnì pupa kò sí ní OFF. Jíà wà ní níútírà. Bí iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ kò bá tàn, ẹ fa kúlọ́ọ̀ṣì mọ́ra kí ẹ tó tẹ sítátà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ sókè, nítorí àwọn màṣíìnì kan ní síwíìsì kékeré níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iná kọjá bí ẹsẹ̀ náà bá ṣì wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí táǹkì, kí ẹ fi ojú yín wò ó. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń fi ìwọ̀n epo hàn lójú màṣíìnì gbọ́. Ó ń purọ́, pàápàá lórí màṣíìnì tó ti pẹ́. Ẹ mi màṣíìnì sọ́tùn-ún sósì, ẹ ó gbọ́ bí epo ṣe ń gbá nínú. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ yí ẹnu táàpù tó wà lábẹ́ táǹkì láti ON sí RES, ìyẹn epo ìpamọ́ tó wà nísàlẹ̀ táǹkì. Mo ti rí ọlọ́kadà tó gbé màṣíìnì sórí ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Òkèihò, tó jẹ́ pé táàpù ló wà ní OFF. Ó san owó ọkọ̀. A ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ń tì í tó.

Ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ fa ṣóòkù, ọwọ́ kékeré tó ń dín atẹ́gùn kù. Ẹ́ńjìnnì tútù ń fẹ́ epo púpọ̀ ju èyí tó ti gbóná lọ. Àmọ́ bí ó bá ti gbóná, ẹ dá ṣóòkù padà. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ ó mú púlọ́ọ̀gì mu epo yó.

Bátìrì, fún àwọn tó ń lo sítátà

Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ tẹ sítátà. Bí iná náà bá ṣe bí ẹni fẹ́ kú, bátìrì kò lágbára. Bí ẹ bá ní mítà, bátìrì 12V tó kún máa ń fi 12.6 sí 12.8 hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Bí ó bá ti wà lábẹ́ 12, ó ti ṣófo. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ sítátà, kò yẹ kó já wálẹ̀ kọjá nǹkan bíi 10. Bí ó bá já sí 8 tàbí 7, ẹ ṣáájì rẹ̀, kí ẹ tún un wò. Bí ó bá tún já bẹ́ẹ̀, bátìrì ti kú nínú.

Àmọ́ kí ẹ tó ra tuntun, ẹ wo orí bátìrì. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó máa ń hù síbẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ tú wáyà tó ní àmì ìyọkúrò (−) ṣáájú, lẹ́yìn náà èyí tó ní (+), ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ fọ̀ wọ́n, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá so (+) padà ṣáájú. Ẹ fún un le. Mo ní ẹ fún un le, nítorí gbígbọ̀n lójú ọ̀nà wa ń tú gbogbo nọ́ọ̀tì. Fíúsì wà nítòsí bátìrì, nínú àpótí kékeré. Bí okùn inú rẹ̀ bá já, ẹ fi èyí tí nọ́ḿbà amp rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu pààrọ̀ rẹ̀. Bébà fàdákà inú páálí sìgá tí àwọn kan ń fi dí i, ìjàm̀bá iná ló ń fà.

Ẹ rántí èyí: nínú ọ̀pọ̀ màṣíìnì CG125 àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀, iná púlọ́ọ̀gì kì í ti inú bátìrì wá. Ara kọ́ìlì mìíràn tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ló ti ń wá nígbà tí ẹ bá kíìkì. Nítorí náà bátìrì lè kú pátápátá kí màṣíìnì ṣì dáhùn sí kíìkì. Àwọn mìíràn wà tí CDI wọn ń gba iná láti bátìrì. Tiwọn ò ní ta iná bí bátìrì bá ti ṣófo. Ẹ mọ èyí tí ẹ ní, nítorí CDI oríṣi kan kì í ṣiṣẹ́ nínú èkejì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn jọra.

Ṣé iná ń ta?

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù díẹ̀, kí ẹ wá ibòji. Ojú oòrùn kì í jẹ́ kí a rí iná kékeré.

1. Ẹ pa táàpù epo. Bí epo bá ti dà sílẹ̀ tàbí sí ara ẹ́ńjìnnì, ẹ nù ún kó gbẹ kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọdọ̀ wà nítòsí.
2. Ẹ fa kápù púlọ́ọ̀gì kúrò. Kápù ni kí ẹ dì mú, ẹ má fa wáyà.
3. Ẹ fi atẹ́gùn tàbí búrọ́ọ̀ṣì gbá yanrìn tó yí ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì ká. Yanrìn tó bá já sínú sílíńdà, ara rẹ̀ ni yóò máa họ títí ayé.
4. Ẹ fi sípánà púlọ́ọ̀gì tú u jáde, kí ẹ fi àkísà gbígbẹ dí ihò náà.
5. Ẹ ki púlọ́ọ̀gì bọ inú kápù padà, kí ẹ fi ara irin rẹ̀, ibi tó lọ́ bíi ti sukúrù, kan irin orí ẹ́ńjìnnì gírígírí, ní ibi tó jìnnà sí ihò.
6. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí ẹnì kan bá yín kíìkì. Ẹ fi rọ́bà kápù dì í mú; bí ọwọ́ yín bá kan irin, iná yóò gbá yín débi tí ẹ ó fi pe orúkọ ìyá yín.

Iná tó dára máa ń búlúù, ó máa ń ṣán "ṣá! ṣá!" létí. Iná pupa tàbí aláwọ̀ ìyeyè tó tẹ́ẹ́rẹ́ ti rẹ̀. Ó lè ta níta, kó má lè ta nínú sílíńdà níbi tí atẹ́gùn ti fún pọ̀. Ẹ má kíìkì rárá nígbà tí púlọ́ọ̀gì kò kan irin. Iná tí kò rí ibi lọ lè padà ba CDI tàbí kọ́ìlì jẹ́, owó CDI sì ju owó púlọ́ọ̀gì lọ fíìfíì.

Bí iná kò bá ta, ẹ má tíì pariwo CDI. Púlọ́ọ̀gì tuntun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò. Kí gbogbo ẹni tó ní màṣíìnì ní ọ̀kan nípamọ́ lábẹ́ ìjókòó. Bí kò bá ta síbẹ̀, ẹ yí kápù lọ́wọ́ òsì kó bọ́ lára wáyà. Ẹ ó rí i pé ẹnu wáyà náà ti dúdú tàbí pé ó ti jẹ. Ẹ gé bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà kúrò kí irin dídán yọ, kí ẹ tún yí kápù wọ inú rẹ̀. Ìwòsàn ọ̀fẹ́ nìyí, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ kọ́ìlì tuntun.

Bí kò bá tún ta, ẹ tọpa wáyà tó ń ti ara bọ́tìnì pupa àti síwíìsì kọ́kọ́rọ́ lọ sí CDI. Nínú oríṣi CG tí kò lo bátìrì fún iná púlọ́ọ̀gì, ó sábà máa ń jẹ́ dúdú tó ní ìlà funfun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ẹ́ńjìnnì: bí ó bá kan irin, iná kú. Bí ara rẹ̀ bá bó lábẹ́ háńdù, ńṣe ni màṣíìnì máa ń rò pé ẹ ti pa òun. Ẹ yọ ọ́ lẹ́nu CDI fún ìdánwò, kí ẹ kíìkì. Bí iná bá ta, CDI yín sàn ju tuntun lọ. Ẹ wá ibi tí wáyà ti bó kí ẹ fi téèpù dì í. Ẹ má sì gbàgbé láti dá a padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ́kọ́rọ́ kò ní lè pa ẹ́ńjìnnì mọ́.

Lẹ́yìn gbogbo èyí nìkan ni kí ẹ tó yá CDI tàbí kọ́ìlì ọ̀rẹ́ tó ní irú màṣíìnì kan náà, kí ẹ fi dán an wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ohun tí púlọ́ọ̀gì ń wí

Kí ẹ tó dá púlọ́ọ̀gì padà, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ara ẹ́ńjìnnì yá. Bí ó bá tutù tó ń rùn epo, epo ń dé, ó tilẹ̀ pọ̀ jù, ìṣòro wà lọ́dọ̀ iná. Bí ó bá gbẹ kanra lẹ́yìn tí ẹ ti kíìkì ogún ìgbà, epo kò dé ibẹ̀ rárá. Dúdú gbígbẹ bí èédú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ jù fún atẹ́gùn tó ń wọlé. Ẹ wo fílítà àti ṣóòkù. Dúdú tó ń dán, tó ń yọ̀ bí ìkòkò àkàrà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń gòkè wá, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ríìngì tàbí rọ́bà fáàfù (fáàfù ni ìlẹ̀kùn tí epo àti atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde). Funfun bí ẹfun túmọ̀ sí pé ó ń gbóná jù, epo kò tó.

Àlàfo ẹnu rẹ̀ náà ń ka. Fún CG125 tó ń lo púlọ́ọ̀gì oríṣi D8EA, 0.6 sí 0.7 mílímítà ni. Bí ó bá ti jẹ kó fẹ̀, ẹ rọra gbá apá rẹ̀ lórí igi kó lè sún mọ́ra. Ti Boxer àti àwọn yòókù wà nínú ìwé tó bá màṣíìnì wá, tí ọ̀pọ̀ wa ti fi di ẹ̀pà.

Ṣé epo ń dé ibi tó yẹ kó dé?

Mo fẹ́ jókòó síbí díẹ̀, nítorí pé lọ́jọ́ òní, ibí yìí ni màṣíìnì tó pọ̀ jù ń kú sí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí lítà kan kúrò ní iye tí kò tó ₦200, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kì í ra ju lítà kan tàbí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Inú RES ni wọ́n ń gbé. Ìsàlẹ̀ táǹkì gan-an sì ni gbogbo ìpẹtà, yanrìn àti omi ń sùn sí. Òun náà ni RES ń fà.

Lábẹ́ kábúrétọ̀, ife kékeré kan wà tó ń gba epo dúró, ó sì ní sukúrù kan nísàlẹ̀ fún dída epo jáde. Ẹ gbé ìgò tí a lè rí inú rẹ̀ síbẹ̀, ẹ ṣí táàpù, ẹ tú sukúrù náà. Kò gbọdọ̀ sí sìgá nítòsí, bẹ́ẹ̀ ni alákàrà kò gbọdọ̀ máa dáná nítòsí. Epo yẹ kó máa ṣàn gbuurugbu. Bí ó bá ṣàn díẹ̀ tó dúró, ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ihò kékeré tí ìdérí fi ń mí ló dí. Atẹ́gùn kò wọlé, epo ò lè jáde. Ẹ fi abẹ́rẹ́ là á. Bí kò bá ṣàn síbẹ̀, ẹ yọ rọ́bà tó ń gbé epo wá kúrò lẹ́nu kábúrétọ̀ kí ẹ wò ó bóyá táàpù ló dí tàbí rọ́bà náà ló ká.

Ẹ gbé ìgò náà kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Omi wúwo ju epo lọ, abẹ́ ni yóò lọ, ẹ ó sì rí ìlà láàárín wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé màṣíìnì wá lẹ́yìn tó ti ra púlọ́ọ̀gì méjì, kọ́ìlì kan àti CDI kan ní ọ̀sẹ̀ kan. A da ife kábúrétọ̀, omi ló kún un. Epo inú kẹ́ẹ̀gì tó rà lẹ́bàá ọ̀nà ni. Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. A da táǹkì kanlẹ̀, a fi epo mímọ́ ṣan án, ó sítáàtì. Ohun tó rà ṣì wà lára màṣíìnì náà, mo rò pé wọ́n ń sinmi.

Omi nìkan kọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí olóró kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo) rẹ̀ pọ̀ jù wọ ọjà Nàìjíríà, ìjọba sì ní láti kó o kúrò. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà. Epo tó ti pẹ́ náà ń bàjẹ́: màṣíìnì tí ẹ gbé kalẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, epo inú kábúrétọ̀ rẹ̀ yóò ti gbẹ di oje tó lẹ̀ mọ́ ihò. Bí òórùn rẹ̀ bá ti dà bíi ti fánìṣì ju ti epo lọ, ẹ dà á nù.

Ìdánwò kan wà tí àwọn ọ̀gá ń lò. Ẹ ro epo bíi ìdajì ìdérí ìgò sínú ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì jìnnà, ẹ dá púlọ́ọ̀gì àti kápù padà pátápátá, kí ẹ wá kíìkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbá lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin kó tó kú, iná wà, agbára wà. Kábúrétọ̀ ni kò gbé epo wá.

Jẹ́ẹ̀tì kékeré inú kábúrétọ̀ ló sábà máa ń dí, ihò rẹ̀ tí epo ń gbà kọjá kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú nǹkan kan, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ funfun. Epo mímọ́ àti atẹ́gùn ni a fi ń fọ̀ ọ́. Bí ó bá ṣorí kunkun, ẹ fa ẹyọ okùn kan ṣoṣo jáde nínú wáyà bàbà, kí ẹ rọra kì í bọ̀ ọ́. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ irin tàbí wáyà súpókù. Bí ihò náà bá fẹ̀, màṣíìnì yóò máa mu epo bí ọ̀mùtí.

Bí epo bá ń dà jáde lára kábúrétọ̀, nǹkan tó ń léfòó nínú ife ti há. Ẹ fi ẹ̀yìn sukudíráfà kan ara ife náà jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ́ńjìnnì tó ti mu epo yó, ẹ pa táàpù, ẹ dá ṣóòkù padà, ẹ yí ọwọ́ epo dé òpin, kí ẹ kíìkì bíi ìgbà mẹ́wàá. Atẹ́gùn yóò gbé epo náà jáde.

Màṣíìnì tuntun tí kò ní kábúrétọ̀, ẹ fetí sí táǹkì nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON. Ẹ ó gbọ́ kí pọ́m̀pù kùn fún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí kò bá kùn, ẹ wo fíúsì rẹ̀. Ohun tó kù níbẹ̀ ju iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe níta ilé lọ.

Atẹ́gùn

Ẹ ṣí ilé fílítà. Bí fílítà bá rẹ sómi tàbí tó kún fún eruku, ẹ yọ ọ́, ẹ dán ẹ́ńjìnnì wò láìsí i fún ìṣẹ́jú kan péré. Màṣíìnì tó ti dúró pẹ́ lẹ́yìnkùlé, ẹ wo inú sàlẹ́ńsà pẹ̀lú. Agbọ́n fẹ́ràn láti fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀, eku sì fẹ́ràn ilé fílítà.

Ìka lórí ihò

Bí iná bá ta, tí epo dé, tí atẹ́gùn wọlé, tí kò sì gbá, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ kì í bọ inú kápù padà, ẹ fi ara irin rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí ihò gẹ́gẹ́ bíi ti ìṣáájú, ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò náà gírígírí, kí ẹnì kan yí ọwọ́ epo dé òpin kó sì kíìkì. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ti àtàǹpàkò yín kúrò tipátipá. Bí ẹ bá lè dí i mọ́lẹ̀ láìsí wàhálà, agbára ti lọ. Ẹni tó mọ màṣíìnì rẹ̀ á ti mọ̀ láti ẹsẹ̀: kíìkì á fúyẹ́, á kàn máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣíbí kékeré kan sínú ihò, ẹ kíìkì díẹ̀, kí ẹ tún dán an wò. Bí agbára bá pọ̀ sí i, ríìngì ló ti jẹ, ọ́ìlì ló bá a dí àlàfo. Bí kò bá yàtọ̀, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó tú orí ẹ́ńjìnnì, kó kọ́kọ́ wo tápẹ́ẹ̀tì, sukúrù tí a fi ń ṣe àlàfo fáàfù. Bí ó bá fún jù, fáàfù kò ní padé dáadáa. Fún CG125, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.08 mílímítà, ní ẹ́ńjìnnì tútù. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni, títú orí ẹ́ńjìnnì sì jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Òjò àti odò

Lẹ́yìn òjò tàbí fífọ̀, inú kápù púlọ́ọ̀gì àti bọ́tìnì orí háńdù ni omi ń wọ̀. Ẹ nù wọ́n, ẹ fi wọ́n sóòrùn.

Bí màṣíìnì bá ṣubú sínú odò, tí kíìkì wá le, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn. Omi kì í fún pọ̀ bí atẹ́gùn. Bí ẹ bá fi agbára kíìkì, tàbí tí ẹ tì í sítáàtì, ọ̀pá tó gbé písítọ̀nù lè tẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ rọra kíìkì kí omi tú jáde nínú ihò, ẹ da kábúrétọ̀. Ẹ wo ọ́ìlì: bí ó bá ti funfun bíi tíì onímílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́. Bí kíìkì bá le láìsí odò, tí ọ́ìlì sì ti gbẹ nínú rẹ̀, ó ti gan. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Èyí tó ń dáhùn ní tútù, tó ń kọ̀ ní gbígbóná

Àwọn ọlọ́kadà mọ ẹ̀dá yìí: ó gbéra láti ilé, ó kú ní ìdajì ọ̀nà, ó tún jí lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹ má dán an wò nílé, ibi tó ti kú ni kí ẹ ti dán an wò. Ẹ gbé sípánà púlọ́ọ̀gì dání. Bí ó bá ti kú, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì kí ẹ sì kíìkì. Bí kò bá jí, ẹ wo iná púlọ́ọ̀gì kíá, àmọ́ ẹ fi àkísà dì í, nítorí ó gbóná. Bí iná kò bá sí, ó ṣeé ṣe jù pé kọ́ìlì kan ló ń kú bí ooru bá mú un. Bí iná bá wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tápẹ́ẹ̀tì ló fún jù.

Bí ó bá di ti mẹkáníìkì

Ẹ má sọ fún un pé "kò sítáàtì" nìkan. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti rí: "Iná ń ta búlúù, epo ń ṣàn, púlọ́ọ̀gì gbẹ, àtàǹpàkò kò lè dí ihò." Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á rẹ́rìn-ín, á lọ tààrà sí kábúrétọ̀. Èyí tí kò mọṣẹ́ á ṣì máa wo CDI. Ẹ ní kó kó àwọn nǹkan àtijọ́ tó bá pààrọ̀ fún yín, nítorí mo ti rí kọ́ìlì kan tí wọ́n nu eruku rẹ̀, tí wọ́n sì tà á padà fún ẹni tó ni ín.

Ohun tí mo ń gbé lábẹ́ ìjókòó tèmi kò pọ̀: sípánà púlọ́ọ̀gì, púlọ́ọ̀gì tuntun kan nínú páálí rẹ̀, fíúsì méjì, sukudíráfà olórí-méjì, ẹ̀mú, téèpù dúdú, ègé sáńpépà, okùn bàbà kan tí mo ká mọ́ igi ìṣáná, àti ìgò omi kékeré kan tí mo ti mu omi inú rẹ̀ tán, fún dída epo wò.